Bí A Ṣe Ń De Ẹ̀rọ Tó Ń Yí Oríta Ojú Irin Mọ́ Ilẹ̀ Fóòmù, fún Rélùwéè Kékeré Orí Tábìlì

Ẹni tí ó bá fi fóòmù líle ṣe ilẹ̀ rélùwéè kékeré rẹ̀ ti mọ oore tí fóòmù ń ṣe fúnni. Ó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn méjì lè gbé odindi tábìlì láti yàrá kan bọ́ sí òmíràn láìmí hẹlẹ, ọbẹ lásán sì tó láti gbẹ́ àfonífojì tàbí ipadò sínú rẹ̀. Àmọ́ nígbà tí ó bá kan kí a de ẹ̀rọ mọ́ ọn, ibẹ̀ ni fóòmù ti ń dójú tini. Súkúrù kì í di fóòmù mú: yóò wọlé wẹ́rẹ́, yóò sì jáde wẹ́rẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, fóòmù nípọn ju pákó tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ní lọ́kàn lọ, tí ó fi jẹ́ pé wáyà líle tí wọ́n bá ẹ̀rọ fi sínú páálí rẹ̀, èyí tí ẹ̀rọ fi ń ti oríta, lè má gùn tó láti kan ojú irin tí ó wà lókè. Ìṣòro méjèèjì yìí ni ìtọ́sọ́nà yìí wà fún, kí ẹni tí ó jókòó síbi ìdarí lè yí oríta tí ó wà ní ìkangun tábìlì láìna ọwọ́ kọjá lórí ilé àti òpó tí ó ti fara balẹ̀ tò.

Oríta tí mò ń wí ni ibi tí ojú irin kan ti ya sí méjì. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí ó ní ẹnu ṣóńṣó ni ó ń sún nínú rẹ̀, tí a ó máa pè ní ahọ́n, ọ̀pá ìdábùú oníke kan sì so ahọ́n méjèèjì pọ̀. Bí ọ̀pá yìí bá sún sí ọ̀tún, ọkọ̀ á gba ọ̀nà kan. Bí ó bá sún sí òsì, á gba èkejì. Iṣẹ́ tí a fẹ́ rán ẹ̀rọ kò ju pé kí ó ti ọ̀pá náà ní ìwọ̀n mìlímítà díẹ̀, kí ó sì dì í mú gírígírí síbi tí ó tì í dé.

Ìwọ̀n HO ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, ìyẹn èyí tí ohun gbogbo jẹ́ ìdá kan nínú 87 ti gidi, tí àlàfo àárín irin méjèèjì sì jẹ́ mìlímítà 16.5. Ẹni tí ó bá ń ro láti ṣe àwòṣe ìlà Èkó sí Ìbàdàn tuntun, èyí tí wọ́n ṣí ní 2021, yóò rí i pé HO bá a mu régí, nítorí pé bí a bá pín mìlímítà 1,435 ti ìlà náà sí 87, yóò fún wa ní 16.5 náà. Ìlà àtijọ́ tí ó gbéra láti Ìddó ní mìlímítà 1,067 ni kò bá a mu. Ojú irin mìlímítà 12 ni ó sún mọ́ ìyẹn. Ní ti fóòmù, èyí tí mo ní lọ́kàn ni èyí tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà fún dídí ògiri ilé kí òtútù má baà wọlé, aláwọ̀ osùn tàbí aláwọ̀ ojú ọ̀run, tí ó nípọn tó íǹṣì 2, ìyẹn mìlímítà 51. Èyí funfun oníhóró tí a máa ń bá nínú páálí tẹlifíṣọ̀n kò dára tó o, nítorí pé ó máa ń rún wómúwómú lẹ́nu ọbẹ, àmọ́ bí òun nìkan ni ẹ bá rí, ọ̀nà kan náà ni ẹ ó gbà.

Ẹ̀rọ wo ni kí a yàn?

Oríṣi mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀rọ oníkọ́ìlì méjì (kọ́ìlì ni wáyà tí a wé yípo), irú PL-10 tí Peco ń ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí a bá fún kọ́ìlì kan ní iná, á fa irin inú rẹ̀ gbàà sí apá kan lójú ẹsẹ̀. Kò wọ́n púpọ̀, ó sì lágbára, àmọ́ iná tí ó ń fà lẹ́ẹ̀kan náà pọ̀, bí bọ́tìnnì bá sì há tí iná kò kúrò lára rẹ̀, kọ́ìlì á jó. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi ń gbé kapásítọ̀ ńlá kan sáàárín iná àti bọ́tìnnì, èyí tí yóò kó iná jọ, tí yóò tú u dà lẹ́ẹ̀kan, tí kò sì ní lè fún kọ́ìlì ní ìyókù àfi tí ẹ bá gbé ọwọ́ kúrò. Lórí pákó, kò sí àléébù lára rẹ̀. Lórí fóòmù, mi ò gbà á níyànjú, nítorí pé fóòmù a máa gbé ohùn rẹ̀ sókè bí awọ ìlù, gbogbo ìgbà tí kọ́ìlì bá sì gbá ni ibi tí a ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ ń mì.

Èkejì ni ẹ̀rọ tí ń lọ díẹ̀díẹ̀, èyí tí Tortoise ti ilé-iṣẹ́ Circuitron ní Amẹ́ríkà jẹ́ gbajúmọ̀ jù lọ nínú wọn. Iná DC fóòtì 12 ni ó ń lò. Á gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 3 kí ó tó yí oríta tán, lẹ́yìn náà yóò dúró gbọin síbẹ̀ pẹ̀lú iná lára, láìgbóná, nítorí pé iná tí ó ń fà nígbà tí ó bá dúró kò ju nǹkan bíi mílíámípù 16 lọ. Ó tún ní swíìṣì méjì nínú ikùn rẹ̀ tí yóò wúlò fún wa níwájú. Wàhálà rẹ̀ ni gíga: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 8.5, nítorí náà abẹ́ tábìlì gbọ́dọ̀ jìn tó láti gbà á.

Ẹ̀kẹta ni servo, ẹ̀rọ kékeré tí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú aláwòṣe ń lò, irú SG90 tí kò wúwo ju gíráàmù 9 lọ. Ó kéré dé ibi pé ó lè fara sin sínú fóòmù pátápátá, kò sì wọ́n rárá. Ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí ó máa ṣe fúnra rẹ̀. Ó nílò ọpọlọ, bíi pátákó Arduino, tí yóò máa fi àmì ránṣẹ́ sí i ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan láti sọ ibi tí apá rẹ̀ yóò dúró sí. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn kí ó máa kọ ètò kọ̀ǹpútà yóò gbádùn rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn rẹ̀ yóò lo oṣù kan nídìí ohun tí ó yẹ kí ó parí ní ọ̀sán Sátidé. Tortoise ni mo máa fi ṣàlàyé láti ibí lọ, àmọ́ pákó tí a fẹ́ gbé sínú fóòmù kí ẹ̀rọ lè rí ibi so mọ́ á gba servo náà.

Gọ́ọ̀mù àti àwọn ohun èlò tó kù

Ẹ wá pákó plywood tí ó nípọn tó mìlímítà 6, ọbẹ tí ojú rẹ̀ gùn tí ó sì mú, rúlà irin, dírìlì, bóòtù tẹ́ẹ́rẹ́ pẹ̀lú nọ́ọ̀tì tí ó bá ihò ẹ̀rọ mu, wáyà iná aláwọ̀ oríṣiríṣi, áyọ́ọ̀nù àti òjé tí a fi ń jó wáyà pọ̀, mítà tí a fi ń wọn iná, adápítà fóòtì 12, àti swíìṣì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà fún oríta kọ̀ọ̀kan.

Gọ́ọ̀mù ni kí ẹ fara balẹ̀ yàn jù. Ohun tí wọ́n fi ṣe fóòmù yìí kò lè fara gba pẹtiróòlù, tínà, tàbí acetone tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kàn án, fóòmù á yọ́, á sì di ihò lójú yín. Gọ́ọ̀mù púpọ̀ ni ó ní irú àwọn nǹkan wọ̀nyí nínú. Èyí aláwọ̀ ìyeyè tí àwọn tó ń ran bàtà ń lò jẹ́ ọ̀kan, ọ̀dà inú agolo tí a ń fín sì jẹ́ òmíràn. Súpá gúlù pàápàá máa ń jẹ fóòmù. Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò kò ní jẹ ẹ́ ní tirẹ̀, àmọ́ ó ní láti rí afẹ́fẹ́ kí ó tó gbẹ, fóòmù kì í sì í jẹ́ kí omi rẹ̀ jáde. Bí ibi tí ẹ fi sí bá fẹ̀, ẹ lè ṣí i lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ ṣì bá a ní tútù láàárín. Èyí tí mo fọwọ́ sí ni gọ́ọ̀mù inú ọ̀pá tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ó wà fún fóòmù, tàbí èyí tí wọ́n fi omi pò, tí wọ́n fi ń dí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ sára àjákù fóòmù, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ẹ wo ohun tí ó ṣe.

Sísàmì sí ojú ibi iṣẹ́

Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ ṣe iṣẹ́ yìí kí ẹ tó lẹ ojú irin mọ́lẹ̀. Ẹ gbé oríta náà ka orí fóòmù síbi tí yóò wà gan-an, kí ẹ sì so ojú irin tí ó ṣáájú rẹ̀ àti èyí tí ó tẹ̀ lé e mọ́ ọn, kí ó má baà jẹ́ pé oríta nìkan ni ẹ wò tí ẹ fi sàmì, tí ìlà yóò wá wọ́ nígbà tí ìyókù bá dé. Ẹ bẹ abẹ́ tábìlì wò: bí igi tí ó gbé fóòmù dúró bá wà ní ìsàlẹ̀ ibẹ̀, ẹ sún oríta síwájú tàbí sẹ́yìn nísinsìnyí tí kò tíì ná yín ní nǹkan kan.

Ẹ wá fi ọ̀pá ìdábùú sí àárín gbùngbùn, kí ahọ́n kankan má ṣe kan irin ẹ̀gbẹ́, ìyẹn irin tí kì í sún tí ó wà lóde ahọ́n, kí ẹ sì ki abẹ́rẹ́ gba ihò tí ó wà láàárín ọ̀pá náà wọ inú fóòmù. Ojú àmì yẹn ni ohun gbogbo yóò dá lé. Ẹ gbé oríta kúrò, kí ẹ fi rúlà fa ìlà méjì tí yóò kọjá lórí ojú àmì náà, ọ̀kan ní ìbú, ọ̀kan ní òòró, kí ìlà méjèèjì sì gùn jáde kọjá ibi tí ẹ fẹ́ gé ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 5 ó kéré tán. Ẹni tí kò bá fà á jáde báyìí yóò gé ojú àmì rẹ̀ sọnù pẹ̀lú fóòmù, kò sì ní mọ ibi tí àárín wà mọ́.

Gígé fóòmù

Ihò alákàbà ni a fẹ́ gé. Ti inú, tí yóò já sí ìsàlẹ̀, ni ẹ̀rọ yóò gbà kọjá. Kí ó fi mìlímítà 5 tóbi ju ẹ̀rọ lọ yí ká. Ti òde, tí kò ní jìn ju nínípọn plywood lọ, ni pákó yóò jókòó lé; kí ó fi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 tóbi ju ti inú lọ ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nípa báyìí, pákó á jókòó sórí èjìká fóòmù, ojú rẹ̀ á sì dọ́gba pẹ̀lú ojú ilẹ̀ tó kù. Ẹ̀rọ á wá so rọ̀ sábẹ́ pákó, kò ní sí fóòmù kankan láàárín òun àti ojú irin, wáyà tí ó bá a wá láti ilé-iṣẹ́ á sì tó.

Ti òde ni kí ẹ kọ́kọ́ gé. Ẹ lẹ téèpù mọ́ ojú ọbẹ ní mìlímítà 6 sí ẹnu rẹ̀, kí ẹ lè mọ ibi tí ẹ ó dúró. Ẹ fi rúlà irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, kí ẹ sì fa ọbẹ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta láìfi agbára tẹ̀ ẹ́. Ọbẹ tí a bá fi ipá tẹ̀ ló máa ń ya fóòmù dípò kí ó gé e. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó fi ojú ọbẹ gbígbòòrò gbẹ́ inú rẹ̀ kúrò títí ìsàlẹ̀ èjìká náà yóò fi tẹ́jú. Ihò inú ni ẹ ó gé gbẹ̀yìn, kí ọbẹ dúró ṣánṣán, kì í ṣe kí ó dà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn kan máa ń lo wáyà gbígbóná fún iṣẹ́ yìí, ó sì máa ń dán. Bí ẹ bá lò ó, ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu, nítorí èéfín rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹ ó rí i pé èérún fóòmù kì í jábọ́. Á lẹ̀ mọ́ ọwọ́, á lẹ̀ mọ́ aṣọ, á sì lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ, bí ẹ bá sì fẹ́ ẹ́ kúrò, á padà wá. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ gbọ̀n ọ́n. Ẹ fi ẹ̀rọ tí ń fa eruku fà á kúrò pátápátá kí ẹ tó gbé ohunkóhun tí ń sún wá sí itòsí ibẹ̀, nítorí pé èérún kan ṣoṣo láàárín ahọ́n àti irin ẹ̀gbẹ́ tó láti mú kí ọkọ̀ yẹ̀.

Pákó àti ẹ̀rọ

Ẹ gé plywood sí ìwọ̀n ihò òde, kí ẹ fi sáńpépà ra etí rẹ̀ títí yóò fi wọlé láìfún. Ẹ gbé e síbẹ̀, kí ẹ fa ìlà méjèèjì tí ó wà lórí fóòmù kọjá lórí rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti pàdé ni ojú àmì yín. Níbẹ̀ ni ẹ ó lu ihò mìlímítà 10 sí, èyí tí wáyà líle yóò gbà jáde. Ihò tí ó kéré ju èyí lọ yóò dí wáyà lọ́wọ́, èyí tí ó sì tóbi jù yóò gbé kọ́ọ̀kì tí a ń tẹ́ sábẹ́ ojú irin àti òkúta wẹ́wẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mì.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ni yóò fẹ́ fi súkúrù kan ẹ̀rọ mọ́ abẹ́ pákó bí ìwé inú páálí ṣe wí. Plywood mìlímítà 6 kò nípọn tó fún ìyẹn, ẹnu súkúrù á yọ lókè, á sì gbé ojú irin sókè. Bóòtù ni kí ẹ lò, kí ó ti òkè wọlé, kí ẹ gbẹ́ ojú ihò rẹ̀ ní òkè kí orí bóòtù lè rì wọnú pákó, kí nọ́ọ̀tì sì wà ní ìsàlẹ̀. Ó tún ní àǹfààní kan: bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ẹ ó tú nọ́ọ̀tì láti abẹ́ tábìlì láìfọwọ́ kan ojú irin. Àmọ́ nítorí pé orí bóòtù yóò wà lábẹ́ kọ́ọ̀kì nígbà náà, ẹ fi gọ́ọ̀mù líle díẹ̀ mú un sínú pákó, kí ó má baà máa yí tẹ̀ lé nọ́ọ̀tì.

Kí ẹ tó di bóòtù, ẹ fi bátìrì fóòtì 9 kan ẹsẹ̀ kìíní àti ẹsẹ̀ kẹjọ ẹ̀rọ náà (ẹsẹ̀ ni ibi mẹ́jọ tí a ti ń so wáyà iná mọ́ ọn), kí apá rẹ̀ máa lọ, kí ẹ sì yọ bátìrì nígbà tí apá náà bá dé àárín. Ìgbà tí apá ẹ̀rọ àti ọ̀pá ìdábùú bá jọ wà ní àárín nìkan ni ìsún wọn yóò fi dọ́gba sí ọ̀tún àti òsì. Ẹ tún wò ó dáadáa pé ibi tí wáyà líle ń sún sí bá ibi tí ọ̀pá ìdábùú ń sún sí mu.

Ẹ jó gbogbo wáyà iná mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ nísinsìnyí, lórí tábìlì iṣẹ́, nígbà tí ẹ ń wo ohun tí ẹ ń ṣe. Jíjó òjé lábẹ́ tábìlì, kí òjé gbígbóná máa kán sí ojú, kí áyọ́ọ̀nù sì wà ní itòsí fóòmù tí ń yọ́, kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ara rẹ̀ sí. Ẹ kọ nọ́ńbà sára téèpù kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ wáyà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fún ẹ̀rọ ní iná, kí ẹ rí i pé ó ń lọ tí ó sì ń bọ̀, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó fi gọ́ọ̀mù sí èjìká fóòmù, kí ẹ sì gbé pákó sọ̀kalẹ̀ síbẹ̀.

Nígbà tí gọ́ọ̀mù ṣì tutù ni ẹ ó fi rúlà irin dábùú orí pákó láti fóòmù dé fóòmù. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ lábẹ́ rúlà, pákó ti rì jù. Bí rúlà bá ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀, ó ti ga jù. Oríta kì í gba gegele, ahọ́n rẹ̀ á sì ya kúrò lára irin ẹ̀gbẹ́ bí ilẹ̀ bá fi ìwọ̀nba mìlímítà kan péré yí padà. Ẹ gbé nǹkan wúwo lé e, agolo tòmátò ńlá méjì tó, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Bí ojú irin bá ti wà nílẹ̀ ṣáájú

Ẹni tí kò lè tú ojú irin rẹ̀ mọ́ kò ní lè gbé pákó wọlé láti òkè. Ó ní láti lu ihò láti abẹ́ ọ̀pá ìdábùú já sí ìsàlẹ̀ fóòmù, kí ó sì fi gọ́ọ̀mù lẹ pákó àti ẹ̀rọ mọ́ abẹ́. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ wáyà líle náà ní láti la mìlímítà 51 ti fóòmù kọjá, pẹ̀lú pákó, kọ́ọ̀kì àti ojú irin. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó bá ẹ̀rọ wá á kúrú, bí ẹ bá sì rí gígùn irú rẹ̀, á kàn máa tẹ̀ bí ọrun láàárín ihò láìti ọ̀pá. Ẹ ra wáyà líle tí wọ́n fi ń ṣe okùn dùùrù, kí ó nípọn tó mìlímítà 1, kí ẹ sì fẹ ihò inú ẹ̀rọ tí yóò gbà á.

Ibi tí wáyà ti ń gbara lé lára Tortoise ṣeé sún sókè tàbí sísàlẹ̀. Bí ẹ bá sún un sókè, orí wáyà kò ní lọ jìnnà, àmọ́ agbára rẹ̀ á pọ̀; bí ẹ bá sún un sísàlẹ̀, á lọ jìnnà, agbára á sì dín kù. Nígbà tí fóòmù bá nípọn, òkè ni ó sábà máa ń dára jù. Ẹ fi ọ̀pá ike tàbí ti bàbà bo inú ihò náà kí wáyà má baà máa họ fóòmù.

Títẹ́ oríta lé e lórí

Ẹ tẹ́ kọ́ọ̀kì, kí ẹ gé ojú rẹ̀ sílẹ̀ níbi ihò, kí ẹ sì gbé oríta sọ̀kalẹ̀ kí wáyà líle gba inú ihò ọ̀pá ìdábùú. Oríta Peco ní sípíríǹgì kékeré kan lábẹ́ ọ̀pá yìí tí ó máa ń mú kí ó fò láti apá kan sí èkejì. Ẹ̀rọ oníkọ́ìlì nílò rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń lọ díẹ̀díẹ̀ kò nílò rẹ̀ rárá, ńṣe ni méjèèjì á máa bá ara wọn jà. Ẹ fi ẹ̀mú tẹ́ẹ́rẹ́ yọ ọ́ kúrò kí ẹ tó tẹ́ oríta. Oríta ti ilé-iṣẹ́ Atlas kò ní sípíríǹgì, nítorí náà ẹ lè gbé e sọ̀kalẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ má ṣe fi gọ́ọ̀mù sí abẹ́ ọ̀pá ìdábùú tàbí abẹ́ ahọ́n, àní bó ti wù kí ó kéré mọ. Nígbà tí ohun gbogbo bá ti dúró, ẹ gé orí wáyà líle kí ó má ṣe yọ kọjá ojú irin, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á máa kọ́ abẹ́ ọkọ̀. Ẹ fi ọwọ́ kan di orí rẹ̀ mú bí ẹ bá ń gé e, kí ẹ sì wọ awò, torí ẹ̀là wáyà líle máa ń ta bí ọta.

Wáyà iná

Ẹ dojú swíìṣì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà dé kí ẹ lè rí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ìlà mẹ́ta, méjì méjì. Wáyà méjì láti ara adápítà fóòtì 12 lọ sí ẹsẹ̀ méjì ti òkè. Wáyà méjì láti àárín lọ sí ẹsẹ̀ kìíní àti ẹsẹ̀ kẹjọ ẹ̀rọ. Ẹ wá fi wáyà kúkúrú so ẹsẹ̀ òkè apá òsì mọ́ ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ apá ọ̀tún, kí ẹ sì so òkè apá ọ̀tún mọ́ ìsàlẹ̀ apá òsì, kí méjèèjì dábùú ara wọn láìkan ara wọn. Bí ẹ bá gbé ọwọ́ swíìṣì sókè, iná á lọ ní ọ̀nà kan. Bí ẹ bá gbé e sísàlẹ̀, á gba òdì kejì, ẹ̀rọ á sì yí padà.

Ẹ lè fi gílóòbù LED pupa kan àti aláwọ̀ ewé kan, tí wọ́n kọ ẹ̀yìn síra wọn, sójú ọ̀nà ọ̀kan nínú wáyà méjèèjì tí ó lọ sí ẹ̀rọ. Nítorí pé mílíámípù 15 sí 16 nìkan ni ó ń kọjá, wọn kò nílò ohun mìíràn tí yóò dáàbò bò wọ́n, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ni yóò sì máa tàn gẹ́gẹ́ bí apá tí oríta wà. Ẹ̀rọ á fi díẹ̀ falẹ̀ nítorí wọn, ó sì tún dára lójú bẹ́ẹ̀. Adápítà kékeré tí ó lè fúnni ní mílíámípù 500 yóò bọ́ ogún irú ẹ̀rọ yìí láìrẹ̀.

Ibi ìkọjá, níbi tí irin méjì ti gba àárín ara wọn, ni ó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Bí ti oríta yín bá jẹ́ ike, kò sí iṣẹ́ kankan níbẹ̀, àyàfi pé ọkọ̀ kúkúrú lè kú sórí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ irin tí iná ń gbà, ó gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ iná bí oríta ṣe ń yí. Iṣẹ́ swíìṣì inú ikùn Tortoise nìyí: ẹ so wáyà láti ibi ìkọjá mọ́ ẹsẹ̀ kẹrin, kí ẹ sì so irin ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mọ́ ẹsẹ̀ kejì àti ẹsẹ̀ kẹta. Irin méjì tí ó jáde láti ibi ìkọjá gbọ́dọ̀ fi ìsopọ̀ ike kan ojú irin tí ó tẹ̀ lé wọn, kí iná ibòmíràn má baà padà wọlé. Bí ẹ bá fún ojú irin ní iná tí ó sì kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí ọkọ̀ bá dé ibẹ̀, ẹ ti so ẹsẹ̀ kejì àti ẹ̀kẹta ní ìdàkejì. Ẹ kàn pààrọ̀ wáyà méjèèjì fún ara wọn.

Ìdánwò àti àléébù

Ẹ yí oríta lọ kí ẹ yí i bọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, kí ẹ sì máa wo ẹnu ahọ́n pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì. Ó gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ irin ẹ̀gbẹ́ dé ibi pé bébà kò ní lè wọ àárín wọn. Bí ó bá lẹ̀ ní apá kan tí kò sì lẹ̀ ní apá kejì, ẹ̀rọ kò sí ní àárín. Ẹ dẹ nọ́ọ̀tì, kí ẹ sún ẹ̀rọ díẹ̀ sí apá tí kò lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi dára kí ihò bóòtù lára ẹ̀rọ fi díẹ̀ tóbi ju bóòtù lọ. Bí kò bá lẹ̀ ní apá méjèèjì, ẹ sún ibi tí wáyà gbara lé sísàlẹ̀ díẹ̀. Bí ìyẹn kò bá ṣe é, wáyà ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù.

Ẹ fi ọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ ọkọ̀ kan ṣoṣo gba ọ̀nà méjèèjì, kí ẹ tó fi ẹ́ńjìnnì gbà á. Ọwọ́ yóò mọ ìkọsẹ̀ tí etí kò ní gbọ́.

Òkúta wẹ́wẹ́ ẹ̀gbẹ́ irin ni ó kẹ́yìn. Kí ẹ tó da gọ́ọ̀mù olómi sí i, ẹ kán òróró ẹ̀rọ tín-ín-rín kan sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ìdábùú méjèèjì kí gọ́ọ̀mù má lè dì mọ́ ọn, ẹ fi oríta sí àárín, kí òkúta sì jìnnà sí ọ̀pá náà ní ìwọ̀n tíì kan ṣoṣo, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn igi ìdábùú tí ó wà lábẹ́ irin. Bí gọ́ọ̀mù bá ṣì ń gbẹ lọ́wọ́, ẹ máa yí oríta náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ní wákàtí kọ̀ọ̀kan; èyí tí ó bá fẹ́ lẹ̀ pọ̀ á já nígbà tí ó ṣì rọ̀.